Ìgbálẹ̀ ti fẹ́ dọ́wọ́ ẹ̀rọ AI níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ohun tó jẹ́ pàǹtí?

Láyé ìgbà tí fáìlì jẹ́ ìwé, ojú ló ń sọ fún ọ̀gá ọ́fíìsì pé ilé ti kún. Bí kọ́bọ́ọ̀dù kò bá ṣeé tì mọ́, tí eruku sì ti bo ìwé orí tábìlì, wọn yóò pe òjíṣẹ́, wọn yóò pe akọ̀wé àgbà mọ́ ọn, wọn yóò sì jókòó ti ẹrù náà títí wọn yóò fi mọ èyí tí wọn yóò dì pamọ́ àti èyí tí wọn yóò dáná sun. Lóde òní, kọ́bọ́ọ̀dù náà ti wọ inú kọ̀ǹpútà lọ. Ibẹ̀ kì í kún lójú ẹnikẹ́ni, kò sì sí eruku níbẹ̀. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń gbé láàárín pàǹtí tí wọn kò rí, tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ onílàákàyè tí gbogbo ayé ń pè ní AI ni wọ́n fẹ́ gbé ìgbálẹ̀ lé lọ́wọ́ báyìí.

Ọ̀rọ̀ pàǹtí yìí kò ṣẹ̀yìn àwọn tó ń fún èèyàn láàyè ìkẹ́rùsí. Nígbà tí Google gbé Gmail jáde lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹrin, ọdún 2004, gígábáìtì kan ni wọ́n fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni mẹgabáìtì díẹ̀ làwọn tó kù ń fún èèyàn nígbà náà. Ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀ ni pé kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ máa pa lẹ́tà rẹ́ mọ́. Àwọn èèyàn gbà wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà làwọn pátákó iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì dé, irú bíi Trello tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, tí yóò sì máa sún un láti abẹ́ "a kò tíì bẹ̀rẹ̀" lọ sábẹ́ "ó ti parí". Asana àti Notion náà ń ṣe èyí tó fara jọ ọ́. Gbogbo wọn ló rọrùn láti kó nǹkan sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń bi èèyàn pé ìgbà wo ni yóò wá kó o kúrò. Àfi ìgbà tó di oṣù kẹfà, ọdún 2021, tí Google kan náà fòpin sí ààyè ọ̀fẹ́ aláìlópin tó ń fún àwọn tó ń kó fọ́tò sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní kí wọ́n máa kó ẹrù wá lọ́fẹ̀ẹ́ lánàá ló tún ń gba owó ilé lọ́wọ́ wọn lónìí.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kọkànlá, ọdún 2023, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ Copilot fáwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní dọ́là 30 lóṣù fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Google gbé Gemini wọnú Drive, Notion àti Asana náà sì ní tiwọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe kékeré, ẹni tó bá sì sọ pé asán ni kò tíì jókòó ti fáìlì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta rí. Ẹ̀rọ náà lè ka ohun tó wà lórí pátákó kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Yóò tọ́ka sí fáìlì tó jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, iṣẹ́ tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́, àti èyí tó ṣì wà lórúkọ òṣìṣẹ́ tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí yóò gba èèyàn méjì lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀rọ yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí omi tó hó lórí iná.

Ibi tí wàhálà wà ni ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn. Ká ní ilé iṣẹ́ kan wà ní Ṣómólú, l'Ékòó, àdúgbò táwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, tí wọ́n ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú. Dísáìnì kan náà lè wà lọ́nà mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà wọn: èyí tí wọ́n kọ "ìkẹyìn" sí, èyí tí wọ́n kọ "ìkẹyìn gan-an" sí, àti èyí tí wọ́n kọ "Alàgbà ti fọwọ́ sí i" sí. Bí wọ́n bá ní kí AI yọ ẹ̀dà tí kò wúlò kúrò, yóò wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe wọ́n, yóò rí i pé "ìkẹyìn gan-an" ló dé kẹ́yìn, yóò sì dábàá pé kí wọ́n pa méjì tó kù rẹ́. Kò burú lójú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló mọ̀ pé ọmọ oníbàárà ló ní kí wọ́n ṣe "ìkẹyìn gan-an" yìí, tí bàbá rẹ̀ sì kọ̀ ọ́ jálẹ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ tí ìjà owó bá dé, èyí tí Alàgbà fọwọ́ sí ni ẹ̀rí tí wọn yóò fà yọ. Ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn kò sí nínú fáìlì kankan tí ẹ̀rọ lè kà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì kan ṣe lè wà lórí pátákó wọn tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún méjì, tí ohun tó wà lára rẹ̀ kò ju "Ìyá Ṣeun, ó di ẹ̀yìn ìsìnkú" lọ. Ẹ̀rọ yóò pè é ní iṣẹ́ tó ti kú. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé gbèsè ni, pé ojú àánú ni wọ́n fi ń wo obìnrin náà, àti pé bí káàdì yẹn bá lọ, kò sí ibòmíràn tí wọ́n kọ owó náà sí. Ohun tó bá pẹ́ lórí pátákó lè jẹ́ pàǹtí, ó sì lè jẹ́ sùúrù.

Títí dé ibí yìí, àbá lásán ni ẹ̀rọ ń dá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ bí wọ́n bá fún un láṣẹ láti ṣe é fúnra rẹ̀. Ní oṣù keje, ọdún 2025, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan, Jason Lemkin, tó dá SaaStr sílẹ̀, ń lo ẹ̀rọ AI ilé iṣẹ́ Replit láti fi ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan. Ó ti kìlọ̀ fún ẹ̀rọ náà pé kò gbọ́dọ̀ yí ohunkóhun padà láìgba àṣẹ. Ẹ̀rọ náà pa àkójọ orúkọ tó wà nínú ètò náà rẹ́ ráúráú, èyí tó ní àkọsílẹ̀ nípa àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó lé ní 1,200 nínú. Nígbà tí Lemkin bi í, ó jẹ́wọ́, ó sì ní kò ṣeé dá padà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lemkin gbìyànjú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe. Amjad Masad, ọ̀gá àgbà Replit, tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sì kéde pé àwọn yóò ya ibi ìdánrawò sọ́tọ̀ kúrò lára ibi iṣẹ́ gidi. Lóòótọ́, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ kọ́ ni wọ́n gbé fún ẹ̀rọ yẹn. Ṣùgbọ́n irú àṣẹ ìparẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni yóò wà lọ́wọ́ èyí tí wọ́n bá ní kó wá gbálẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, méjì ló sì wà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú ìjà síra wọn. Òfin ààbò détà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà, ọdún 2023 sọ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tọ́jú ọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn ju ìgbà tó nílò rẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ tó ṣì ń kó nọ́ńbà báńkì àti ìwé ẹ̀rí àwọn tó wá wáṣẹ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn pamọ́, tí wọn kò sì gbà wọ́n, ń fọwọ́ fa ẹjọ́. Ní ìdàkejì, òfin tó fún aráàlú láṣẹ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún, ọdún 2011, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni ìjìyà tó kéré jù. Orí "mọ̀ọ́mọ̀" yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ̀rọ bá ní kí wọ́n pa ìwé kọ̀ntírákítì kan rẹ́ nítorí pé ó ti pẹ́, tí òṣìṣẹ́ kan sì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìkà á, ta ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Àwọn agbẹjọ́rò yóò jẹun níbẹ̀. Kò sì ní ṣòro fún ẹni tó ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ láti di ẹ̀bi ru AI.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu ọ̀nà ìjọba. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, Didi Walson-Jack, fi òpin ọdún 2025 ṣe gbèdéke pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ọba pa ìwé tì, kí wọ́n máa fi kọ̀ǹpútà gbé fáìlì. Fáìlì tó bá ti wọnú kọ̀ǹpútà, pípọ̀ ni yóò máa pọ̀, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò dábàá pé kí AI bá wọn gbá a. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó lè bá a lọ, kó wo ilé ìkówèésí àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Lọ́dún 1951 ni ìjọba amúnisìn ní kí Kenneth Onwuka Dike lọ wo bí ìwé ìjọba ṣe wà káàkiri. Púpọ̀ ló bá tó ń ṣègbé nítorí àìbìkítà. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé náà sílẹ̀ lọ́dún 1954. Lára ohun táwọn òpìtàn ń lọ kà níbẹ̀ títí dòní ni lẹ́tà ẹ̀sùn àti ìwé ìjà oyè, àwọn ohun tí akọ̀wé tó ń kánjú ìbá ti pè ní pàǹtí.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ kì í fún ẹ̀rọ láṣẹ ìparẹ́ rárá, àṣẹ ìkàwé nìkan ni wọ́n ń fún un. Yóò kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ ẹni tó ni nǹkan kọ̀ọ̀kan yóò wà níwájú rẹ̀, ẹni yẹn ni yóò sì fọwọ́ sí i. Èyí tí kò bá ní ẹni tó ni ín, ibi ìpamọ́ ló ń lọ. Wọ́n tún máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn ìwé kan wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, nítorí ohun tí òṣìṣẹ́ bá láṣẹ láti rí ni AI yóò gbé wá fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwé owó oṣù ọ̀gá rẹ̀ ni.

Owó ni yóò sọ bóyá àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké lè ṣe bẹ́ẹ̀. Dọ́là 30 lóṣù ju ìdajì owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 lọ, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà 70 náírà. Nítorí náà, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ ń sá tọ̀, wọ́n a da orúkọ, àdírẹ́sì àti owó oníbàárà sínú ẹ̀rọ tí wọn kò mọ ibi tó ń kó o lọ. Ẹ̀rọ náà tún ní pàǹtí tirẹ̀: kò sí ìpàdé kan mọ́ tí kò ní kọ àkópọ̀ rẹ̀ ní ojú ìwé méjì, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní kà.

Ní ti Google Drive, ohun tí wọ́n bá jù sínú àpótí ìdọ̀tí yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 30. Àwọn ọ̀gá kan máa ń lo ọjọ́ wọ̀nyẹn láti ké sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n wá wò ó bóyá ohun tiwọn wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹnikẹ́ni kò yọjú, Google kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́.