Ẹ Fi Fíúsì Sí I Kí Ẹ Tó Fi Ọ̀dà Kùn Ún

 

Ọ̀rọ̀ àpótí tí a fi ń gba iná sí foonu ni mo fẹ́ bá yín sọ. A máa ń rí i ní ọjà Kétu, a máa ń rí i ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe é á fi pákó kan àpótí. Á fi ọwọ́ irin sí i lórí kó lè ṣeé gbé. Á gbé bátìrì ọkọ̀ sí inú rẹ̀, á sì to àwọn ṣájà sí ojú rẹ̀. Ẹni tí kò ní iná nílé á gbé foonu rẹ̀ wá, á san owó díẹ̀, á sì lọ nájà. Nígbà tó bá padà dé, foonu rẹ̀ ti yó.

Iṣẹ́ tó dára ni. Èmi náà ṣe é, ó sì bọ́ ilé mi. Ṣùgbọ́n èrò kan wà lọ́kàn mi, n kò sì ní fi bò. Ẹni tí kò bá fi fíúsì sí inú àpótí rẹ̀, kò yẹ kó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ni fíúsì? Ohun kékeré kan ni, tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Àwọn ará wa tó ń gbọ́ Faransé ń pè é ní fusible. Gbogbo iná tó ń jáde láti inú bátìrì gbọ́dọ̀ gba inú irin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí kọjá. Bí iná náà bá pọ̀ jù, irin yìí á yọ́, á já, iná á sì dúró. Fíúsì á kú kí àpótí má baà jó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Nígbà tí mo ṣe àpótí tèmi, mo fi ọ̀dà pupa kùn ún. Mo kọ orúkọ mi sí i lára. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín. Ṣùgbọ́n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa iná gílóòbù inú yàrá ni mo fi so bátìrì mọ́ àwọn ṣájà. Mo lọ́ wọn pọ̀, mo sì fi ọ̀rá wé e. N kò fi fíúsì sí i rárá.

Orí alùpùpù ni mo máa ń gbé e sí lọ sí ọjà. Ọ̀nà wa kò dán, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí alùpùpù ti ń mì, bẹ́ẹ̀ ni wáyà ń ha ara rẹ̀ mọ́ etí páànù tó wà nínú àpótí. Díẹ̀ díẹ̀ ni rọ́bà ara rẹ̀ ń bó, n kò sì mọ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, foonu mẹ́jọ ló wà lórí àpótí. Mo kàn rí èéfín ni. Kí n tó ṣí ìdérí, wáyà ti pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, pákó sì ti ń jó. Mo gbá àpótí náà ṣubú, mo sì ń da iyanrìn lé e. Iná jó mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Foonu mẹ́ta bàjẹ́ pátápátá.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ìyá kan tó ń ta gàrí. Kò bú mi. Ó kàn wí pé, “Ọmọ mi, inú ẹ̀ ni nọ́ńbà ọmọ mi tó wà ní Kútọnu wà. N kò kọ ọ́ síbòmíràn.” Mo ní, “Ẹ má bínú, ìyá.” Mo ra foonu mìíràn fún un, ṣùgbọ́n n kò lè ra nọ́ńbà náà padà. Ó tó oṣù méjì kí ọmọ náà tó wá sílé fúnra rẹ̀, kó wá wo ohun tó ṣe ìyá rẹ̀ tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Mo gbé àpótí tó jó náà lọ bá bàbá kan tó ń ṣe iná ọkọ̀. Ó wò ó títí. Ó wá bi mí pé, “Fíúsì mélòó lo fi sí i?” Mo ní, “Bàbá, kò sí fíúsì níbẹ̀. Bátìrì 12 fólìtì ni. Mo rò pé kò lè ṣe nǹkan kan, nítorí mo ń fọwọ́ kàn án, kì í gbé mi.” Bàbá náà mi orí. Ó ní, “Iná bátìrì kì í gbé ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń jó ilé.”

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ nìyẹn. Fólìtì ni agbára tó ń ti iná. Ámpíà ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn. Fólìtì bátìrì kéré, nítorí náà kì í gbé wa. Ṣùgbọ́n ámpíà ló ń mú wáyà gbóná. Bí wáyà méjì bátìrì ọkọ̀ bá fi ara kan ara wọn, ámpíà tó ń ṣàn lè tó ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan. Kò sí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ṣájà foonu kan lè gbé iná 5 fólìtì àti 2 ámpíà jáde. 5 lọ́nà 2 jẹ́ 10. Wáàtì 10 nìyẹn. Foonu mẹ́wàá á gba wáàtì 100. Bí ó bá jẹ́ iná ilé, tó jẹ́ 220 fólìtì, ni a fi gbé wáàtì 100 yìí, kò ní tó ìdajì ámpíà kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bátìrì 12 fólìtì, ó ju ámpíà 8 lọ. Àwọn ṣájà náà ń fi díẹ̀ ṣòfò, nítorí náà ẹ ka á sí 10. Ẹ ò rí i? Wáyà tó tó fún gílóòbù kò tó fún àpótí yìí.

Ohun tí bàbá náà kọ́ mi ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe àpótí yìí máa ṣe.

Èkíní: Ẹ fi fíúsì sí ẹ̀bá orí bátìrì tí a kọ + sí. Kó má jìnnà sí i ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Èkejì: Ẹ lo wáyà bàbà tó nípọn, èyí tí a kọ 2,5 sí lára. Fíúsì 15 ló bá a mu fún foonu mẹ́wàá. Nínú fíúsì pẹlẹbẹ ti ọkọ̀, 15 jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Bí ó bá já, ẹ wá ohun tó já a. Ẹ má fi 30 rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì fi bébà dídán inú páálí sìgá dí ojú rẹ̀. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti lé olùṣọ́ lọ, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún olè.

Ẹ̀kẹta: Ẹ má lọ́ wáyà pọ̀ kí ẹ fi ọ̀rá wé e. Ẹ ra dómínò, kí ẹ sì fi ìdè rẹ̀ dè é pinpin. Níbi tí wáyà bá ti gba inú pákó tàbí páànù kọjá, ẹ fi rọ́bà sí ihò náà. Ẹ de bátìrì mọ́lẹ̀ kó má máa yí, kí ẹ sì fi rọ́bà bo orí rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ fi pákó pààlà sí àárín bátìrì àti àwọn ṣájà. Ẹ dá ihò sí òkè àpótí níhà méjèèjì. Nígbà tí bátìrì bá ń gba iná, afẹ́fẹ́ kan ń jáde lára rẹ̀ tó ń gòkè, ìtapàrà iná kékeré sì lè mú un gbiná. Nítorí náà, ẹ ṣí ìdérí, ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ má gbé àtùpà wá wò ó. Ẹ má mu sìgá níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ má fa iná ilé wọ inú àpótí yìí bí ẹ kò bá kọ́ iṣẹ́ iná. Èyí tó jẹ́ 12 ń jó ilé. Èyí tó jẹ́ 220 ń pa ènìyàn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní, “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sí nǹkan kan.” Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun. Àwọn mìíràn á ní kò sí owó. Ṣé owó ọ̀dà wà? Owó tí mo fi ra ọ̀dà pupa yẹn á ra fíúsì, á ra ilé fíúsì, á sì ṣẹ́kù. Owó kọ́ ni kò sí. Ohun tí ojú ń rí là ń náwó lé, ohun tó ń ṣọ́ wa kò hàn sí wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbé foonu wá náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kà, ẹ má fi ìmọ̀ yín sílẹ̀ sínú kíláàsì. A kọ 15 sára fíúsì. A kọ 2,5 sára wáyà. A kọ 5V àti 2A sára ṣájà. Nígbà tí mo ṣe àpótí mi àkọ́kọ́, n kò lè ka ọ̀kankan nínú wọn. Ìdí tí mo fi wọ kíláàsì nìyẹn.

Ní ọjà tó ń bọ̀, kí ẹ tó fi foonu yín sílẹ̀, ẹ bi ẹni tó ni àpótí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni fíúsì yín wà?” Bí ó bá ṣí i hàn yín, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí ó bá ń bínú, ẹ gbé foonu yín, kí ẹ máa lọ. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ọmọ yín sínú ìwé.