Bipolaire àti TOC lára ẹnì kan: ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń ba ìtọ́jú jẹ́

Lọ́dọọdún, ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ni gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í sábà bá àwa ará abúlé sọ: ẹnì kan lè ní àìsàn ọpọlọ méjì pọ̀, kí oògùn ọ̀kan sì máa ru èkejì sókè.

Èkíní ni bipolaire. Ìgbà kan á wà tí ara ẹni náà á gbóná: kò ní sùn, ọ̀rọ̀ á pọ̀ lẹ́nu ẹ̀, á máa náwó bí ẹni pé kò ní tán. Ìgbà míì, á rẹ̀wẹ̀sì débi pé kò ní lè dìde lórí ẹní. Èkejì ni TOC. Èrò kan náà á máa padà wá sọ́kàn ẹni. Á máa fọwọ́ léraléra, á máa lọ wo ilẹ̀kùn tó ti tì. Òun gan-an mọ̀ pé kò wúlò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kó dáwọ́ dúró. Nínú èèyàn 100 tó ní bipolaire, bíi 10 sí 20 ló tún ní TOC.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Antidépresseur ni wọ́n máa ń lò jù fún TOC. Bí ẹni tó ní bipolaire bá ń lo ọ́ nìkan, ó lè mú kí ara ẹ̀ tún gbóná, kó má sùn mọ́. Ẹbí á ní oògùn òyìnbó ló bà á jẹ́, wọ́n á dá a dúró. Nígbà míì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló kàn.

Dókítà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ mú bipolaire rọlẹ̀, bóyá pẹ̀lú lithium, tó ń fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé, tàbí valproate, tí kò dára fún aboyún. Lẹ́yìn náà ló kan TOC: aláìsàn á máa fara kan ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, láìsáré lọ fọwọ́.

Ta ló wá jẹ̀bi? Láti Sábẹ̀ẹ́ dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Jacquot, Kútọnu, ó ju 200 kìlómítà lọ. Ìyẹn, ẹ̀bi ìjọba ni. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin tó ń tún táyà ṣe ní Côte d'Ivoire tẹ́lẹ̀, ló ń tú àwọn aláìsàn kúrò lórí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Iṣẹ́ ẹnì kan ò lè tó fún gbogbo abúlé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiwa náà wà ńbẹ̀. Bí ọmọ wa bá rẹ̀wẹ̀sì, ìyẹn nìkan la máa ń sọ fún dókítà. Ojú ń tì wá láti sọ ti ọ̀sẹ̀ tí kò sùn, tàbí ti ọwọ́ tó ń fọ̀ títí awọ fi bó. Ìdajì ọ̀rọ̀ la gbé lọ, ìdajì ìtọ́jú la gbé bọ̀.

Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ: ìgbà tí kò sùn, ìgbà tó sunkún, ohun tó ń ṣe léraléra. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ má sì rà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó máa sùn lásìkò, torí àìsùn ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn pé ara ẹ̀ tún fẹ́ gbóná. Ọmọ yín ni, kì í ṣe ìtìjú yín.