Ariwo tó ń ti inú abọ́ omi Àlàó jáde

Àlàó ni orúkọ ológbò mi. Màmá mi ò tíì dárí orúkọ yẹn jì mí títí dòní. Wọ́n ní oríkì ọmọ èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi pe ẹran. Ẹjọ́ tiwọn nìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ rò fún yín lónìí ni ẹjọ́ abọ́ omi Àlàó, torí mo rí i pé àwa ọ̀dọ́ tí à ń sin ológbò àti ajá ti ń ra irú ẹ̀rọ yìí, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ariwo báyìí, ààtàn ló ń lọ tààrà. Lójú tèmi, owó la ń jù nù.

Ẹ máa ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì: abọ́ oníke tó ní pọ́ǹpù bíńtín nísàlẹ̀, tó ń tu omi sókè kí omi náà máa ṣàn padà bí ìsun inú igbó. Okùn USB ló ń fún un níná, fóòtì 5 péré, nítorí náà páwà báǹkì lè gbé e nígbà tí NEPA bá ti ṣe tiwọn. Nígbà tí mo gbé tèmi dé yàrá mi ní Under G, nítòsí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ àyàfi tí ẹ bá tẹ́tí. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọyẹ́ dé. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Á ṣe gìrììììrì, á dákẹ́ díẹ̀, á tún ṣe kùrùkùrù bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi sítírọ́ọ̀ fa ìyókù mínírà nínú ìgò.

Oorun tí mi ò rí sùn kọ́ ló dùn mí jù. Láti ọjọ́ yẹn, Àlàó ò sún mọ́ abọ́ náà mọ́. Á rìn dé ìdajì yàrá, á na etí, á yí padà. Etí ológbò mú ju tiwa lọ fíìfíì: àwa èèyàn kì í gbọ́ ohùn tó bá ń gbọ̀n ju nǹkan bí ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ológbò á sì gbọ́ èyí tó ju 60,000 lọ. Kí ẹ tó sọ pé "ariwo yẹn ò kúkú pọ̀", ẹ rántí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀ ni etí tiyín ń gbọ́. Akọ sì ni Àlàó. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ akọ ológbò tín-ín-rín gan-an. Bí omi tó ń mu bá dín kù, ìtọ̀ rẹ̀ á ki, nǹkan bí iyanrìn wẹ́wẹ́ lè kóra jọ síbẹ̀, tó bá sì dí ọ̀nà náà pátápátá, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó láti pa á. Mo pe dókítà ẹran. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá omi tó máa mu, kí n sì máa ṣọ́ ọ bóyá ó ń tọ̀. Tó bá lóṣòó títí tí nǹkan kan ò jáde, kí n gbé e wá lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Mo ní àwo amọ̀ kan tí Màmá rà fún mi lọ́jà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ọbẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa bù sí i. Mo bu omi sí i, mo gbé e sí igun yàrá kejì, jìnnà sí ariwo. Àlàó mu ún. Ó tọ̀ pẹ̀lú. Ọkàn mi balẹ̀, mo wá kọjú sí ẹ̀rọ.

Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé yàrá kejì ní, "Àbúrò, ra òmíràn jàre, ó ti bàjẹ́." Ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ náà wá ò sọ ju kí n máa fọ̀ ọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú pọ́ǹpù yẹn ò tó nǹkan tó yẹ kó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni: mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó ní abẹ̀bẹ̀ lórí, tó ń yí lórí ìrin tín-ín-rín kan. Wáyà kọ́pà tó ń mú un yí wà lẹ́yìn ike tí wọ́n dí pa, omi ò lè kàn án. Omi yẹn kan náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ òróró fún mágínẹ́ẹ̀tì, òun náà ló ń mú kó tutù. Tí omi bá lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni abẹ̀bẹ̀ á máa gbá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú omi ní ohùn. Lọ́dún 1933, Marcel Minnaert, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Utrecht nílẹ̀ Nẹ́dálándì, fi ìṣirò hàn pé afẹ́fẹ́ róbótó kọ̀ọ̀kan nínú omi máa ń sún kì, á tún fẹ̀, bí awọ ìlù, àti pé bó bá ṣe kéré tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń ga tó. Kódà ìró omi tó ń kán sínú báàfù lóru, èyí tó ń ṣe tó, tó, tó, kì í ṣe ẹ̀kán omi tó bọ́ lu omi gan-an là ń gbọ́. Lọ́dún 2018, àwọn oníwàádìí ní Yunifásítì Cambridge fi kámẹ́rà tó yára gan-an àti máíkì wò ó, wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ bíńtín tó há sábẹ́ ojú omi ló ń gbọ̀n tó ń mú ojú omi dún. Wọ́n fi ọṣẹ díẹ̀ sí omi náà, ìró yẹn sì dákẹ́. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọṣẹ sí omi ológbò yín o. Mo mọ̀ yín.)

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni tèmi bẹ̀rẹ̀? Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ní àmù nílé. Omi inú àmù ń tutù nítorí pé ó ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ó sì ń mú ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni omi ṣe ń tètè lọ tó. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà bọ̀ gbẹ kọjá ààlà, ẹ sì wo ẹ̀rọ tó ń da omi sókè tọ̀sán-tòru, tó ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ fún afẹ́fẹ́ yẹn kó wá kó o. Mo kún abọ́ náà lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, omi ti lọ sílẹ̀ débi tí pọ́ǹpù ń fa afẹ́fẹ́. Èmi sì ń fi ojú ìgbà òjò wò ó.

Mo bu omi kún un. Gìrììrì dín kù, ṣùgbọ́n kò lọ tán. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á tú gbogbo ẹ̀, wọ́n á fọ gbogbo ẹ̀, wọ́n á tò ó padà, wọn ò sì ní mọ èwo ló gbà á. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ́tí, kí ẹ tó kan òmíràn. Mo yọ okùn iná (ẹ máa yọ ọ́ kí ẹ tó kí ọwọ́ bọ omi), mo dojú pọ́ǹpù dé nínú omi, mo mì ín. Afẹ́fẹ́ tú jáde bùlù-bùlù. Mo tan iná padà: kùrùkùrù ti lọ, ó wá ku ìró kan bí ìgbà tí kòkòrò bá há sínú agolo.

Mo ṣí iwájú pọ́ǹpù. Irun Àlàó! Ó ti lọ́ mọ́ ìrin inú ẹ̀ bí òwú mọ́ kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, nǹkan funfun bí ẹfun sì ti lẹ̀ mọ́ ara mágínẹ́ẹ̀tì. Omi kànga ilé wa ló fa ìyẹn, omi tí ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀. Kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, nígbà tí omi bá sì fò lọ, kálísíọ̀mù ò ní ìyẹ́, ṣe ló ń dúró. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó yọ irun, mo rẹ mágínẹ́ẹ̀tì àti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ó hó fùùù díẹ̀, torí kíkan ọsàn ń jẹ ẹfun náà, ó sì ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Ẹ ṣan án dáadáa lẹ́yìn náà o, ológbò kórìíra òórùn ọsàn. Ẹ má sì fi oògùn apakòkòrò tó ń sọ omi di funfun bíi wàrà fọ̀ ọ́. Phenol wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀dọ̀ ológbò ò sì lè bá a jà bíi tiwa.

Ìró kan ṣì kù, kékeré, tó ń ṣe hùùùù. Èyí gan-an ló pa mí lẹ́rìn-ín. Orí àpótí pákó tó ṣófo ni mo gbé abọ́ lé. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń lu dùndún létí mi láti kékeré, ó yẹ kí n ti mọ̀ pé awọ nìkan kọ́ ló ń dún, ihò inú igi ìlù ń bá a gbé ohùn. Mo ká àkísà sí ìlọ́po mẹ́rin, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ abọ́. Yàrá dákẹ́ lọ gbári.

Ṣé ológbò yín nílò ẹ̀rọ yìí rárá? Lójú tèmi, kò di dandan. Àwọn oníwàádìí tó ti fi abọ́ lásán wé e rí i pé ìyàtọ̀ ò tó nǹkan, ológbò kọ̀ọ̀kan ló mọ èyí tó wù ú. Lọ́dún 2010, àwọn kan ní MIT ní Amẹ́ríkà ya fídíò bí ológbò ṣe ń lá omi: orí ahọ́n á kan ojú omi, á yára fà sókè, omi á nà tẹ̀lé e bí okùn, ẹnu á sì pa dé mọ́ ọn, nǹkan bí ìgbà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ibi tí iṣẹ́ yìí ti nílò pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rà á ná, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé púpọ̀ nínú ariwo yẹn, omi ló ń bèèrè.

Mo fi fídíò bó ṣe dákẹ́ ránṣẹ́ sí Màmá. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "O ṣeun. Àwo ọbẹ̀ tí mo rà fún ẹ ńkọ́?" Ó wà níwájú Àlàó. Láti òru ọjọ́ yẹn, kò tíì mu omi níbòmíràn.