Kì í ṣe A.C. ló fi wá sínú òkùnkùn

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Níbi tí mo gbé rédíò mi lọ tún ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tí àwọn kan ń fọwọ́ sọ̀yà pé bí ìjọba bá lè sọ wáyà ńlá tó ń gbé iná bọ̀ láti Kainji di D.C., iná kò ní í máa lọ mọ́. Wọ́n ní ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Kóńgò. Èmi kò fara mọ́ ọn o.

Òótọ́ ni pé D.C. dára fún ọ̀nà tó jìn gan-an. Ọ̀nà kan ló ń gbà bí odò, A.C. ní tirẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀nà bá ti wá jìn jù, D.C. kì í fi iná ṣòfò tó A.C. Láti Inga dé Kolwezi ní Kóńgò, nǹkan bí 1,700 kìlómítà ni, D.C. ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀ láti 1982. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn abúlé tó wà lábẹ́ wáyà náà rí jẹ? Iná ń kọjá lókè orí wọn, ọ̀pọ̀ wọn ń tan fìtílà nísàlẹ̀. Ìdí ni pé tiransifọ́mà kò lè ṣiṣẹ́ lórí D.C. Ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ bù ú, àfi kí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ olówó gọbọi tí yóò sọ ọ́ di A.C.

Tiwa ńkọ́? Kainji sí Òṣogbo kò pé 300 kìlómítà. A.C. tó jẹ́ 330,000 volt ló ń bọ̀, tiransifọ́mà ló sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ohun tó jẹ́ kí A.C. borí D.C. Edison ní Amẹ́ríkà nìyẹn, tí wọ́n fi gbé iná láti Niagara dé Buffalo ní 1896.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni àdúgbò wa fi wà lókùnkùn nítorí tiransifọ́mà kan ṣoṣo tó jóná. Àwa fúnra wa la dáwó kí wọ́n tó gbé òmíràn wá. Ṣé D.C. ni ì bá gbà wá?

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ìjọba kọ́kọ́ tún wáyà àti tiransifọ́mà tó wà nílẹ̀ ṣe ná. Ó dàbọ̀.

Òǹkàwé yín,
Òṣogbo.