Ọwọ́ Òsì Ọmọ Wa àti Alùpùpù Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì ni a gbé wá sí ojú ìwé tí ó jẹ́ ti ìdílé, kí onítọ̀hún rántí pé ní Òkèhò níbí, alùpùpù ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Òun ni ó ń kó iṣu wálé láti oko, òun ni ó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ni a ń gùn lọ kí ará ní Ìlúà àti ní Iléró.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan, àgbẹ̀ tí ó ní ìyàwó àti ọmọbìnrin kékeré kan, tọ̀ wá wá ní alẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú fóònù ní ọwọ́. Ó wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí kí n tó fi owó ránṣẹ́." Ohun èlò kan ni ẹnìkan ń tà ní Èkó, tí wọ́n ń pè ní kúìkì-ṣífítà. Wọ́n ní bí a bá ti dè é mọ́ alùpùpù, ẹni tí ń gùn ún kò ní fa klọ́ọ̀ṣì mọ́ kí ó tó pààrọ̀ jíà. Ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà. Iye owó rẹ̀ ju ìdajì owó iṣu tí ó kù ní ọwọ́ ọmọ náà lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fẹ́ sáré kí àwọn ẹlòmíràn lè wò ó ni, à bá ti ní kí ó máa lọ, kí oúnjẹ alẹ́ wa má baà tutù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi ń rin pákí ti ba ìka méjì jẹ́ nínú ọwọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ náà kò sì lè di nǹkan mú ṣinṣin mọ́. Ọwọ́ òsì gan-an ni a sì fi ń fa klọ́ọ̀ṣì. Ní oṣù tí ó kọjá, bí ó ti fẹ́ gbéra ní ìdí òkè kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ ní ẹ̀yìn rẹ̀, irin klọ́ọ̀ṣì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, alùpùpù náà sì ta síwájú lójijì. Díẹ̀ ni ó kù kí ọmọ náà ṣubú. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko. Ìyá rẹ̀ ní kí ó tà á. Òun ní bí òun bá tà á, kí ni òun yóò fi kó iṣu?

Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí wádìí, a sì rí i pé ohun èlò náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Nínú àpótí jíà, àwọn irin eléyín máa ń di ara wọn mú bí oníjàkadì méjì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà wọ́n, wọn kì í fẹ́ tú. Klọ́ọ̀ṣì ni ó ń yà ẹ́ńjìnnì kúrò lára wọn kí jíà lè kọjá sí òmíràn. Kúìkì-ṣífítà gba ọ̀nà mìíràn. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan irin jíà, yóò pa iná tí ń ṣẹ́ ní púlọ́ọ̀gì fún àkókò tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ́ńjìnnì yóò dẹ̀, jíà yóò wọlé, iná yóò sì padà. Àwọn tí ń fi alùpùpù díje ni ó kọ́kọ́ wúlò fún. Lónìí àwọn ilé-iṣẹ́ bí Yamaha, Ducati àti BMW ń fi í sára díẹ̀ nínú àwọn alùpùpù ńláńlá wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọwọ́ ọmọ wa ti ń dùn ún. Nígbà tí alùpùpù bá ti ń sáré tí a sì ń gòkè láti jíà kan sí òmíràn ni kúìkì-ṣífítà ń ṣiṣẹ́ dáradára. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí pẹ̀lẹ́, ńṣe ni yóò máa já ènìyàn síwá sẹ́yìn. Bí a bá fẹ́ sọ jíà kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yára sí i ní ìṣẹ́jú kan náà, èyí kò sì rọrùn lórí alùpùpù tí wáyà lásán ń fa epo rẹ̀. Bí a bá fẹ́ gbéra láti orí ìdúró, tàbí kí a dúró, ọwọ́ òsì ṣì ni yóò fa klọ́ọ̀ṣì. Níbo ni ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú? Ní ibi ìgbéra ni. Ẹni tí ó bá sì ru iṣu ní ọ̀nà oko, tí ewúrẹ́ ń sọdá níhìn-ín tí ẹrẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ìgbéra àti ìdúró ni gbogbo ìrìn rẹ̀.

A mú alùpùpù náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Irú Boxer tí ó kún ọ̀nà wa ni. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan tí a lè so irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà fa wáyà klọ́ọ̀ṣì yọ, ó sì ti dípẹtà, ó ti ya ní inú. Ó fi tuntun sí i, ó rọ òróró sí i, klọ́ọ̀ṣì sì rọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. (A béèrè àṣíborí lọ́wọ́ ọmọ wa níbẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ ra ohun èlò àwọn tí ń díje kò ní ọ̀kan.) Síbẹ̀, nígbà tí ó ti gbéra tí ó sì ti dúró bí ìgbà mẹ́wàá, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

Nígbà náà ni a rántí alùpùpù Honda kékeré tí àwọn olùkọ́ máa ń gùn nígbà tí a wà ní ọmọdé. Ní ọdún 1958 ni Honda gbé Super Cub jáde ní ilẹ̀ Jàpáànù. Soichiro Honda fẹ́ kí ọmọ tí ń gbé oúnjẹ kiri fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan gùn ún, kí ó sì fi èkejì di oúnjẹ mú. Kò sí irin klọ́ọ̀ṣì ní ọwọ́ rẹ̀ rárá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí pẹ̀lẹ́, klọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ yóò tú fúnra rẹ̀. Bí ó bá yára, àwọn irin wúwo inú rẹ̀ yóò tàn jáde, wọn yóò sì dì í mú. Irin jíà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ni ó ń tú u nígbà tí a bá ń pààrọ̀ jíà. Nígbà tí ó fi di ọdún 2017, Super Cub tí a ti ṣe ti pé 100,000,000. Honda ṣì ń ṣe é, àwọn ará Ṣáínà pẹ̀lú sì ń ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún 2023 Honda tún fi ẹ̀rọ mìíràn hàn, E-Clutch, tí ń fa klọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ láti ìgbéra dé ìdúró, ṣùgbọ́n alùpùpù ńlá olówó gọbọi ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí.

A kò fi pamọ́ fún ọmọ wa pé irú alùpùpù kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè ru iṣu tó Boxer. Yóò lọ lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ó ti ń lọ lẹ́ẹ̀kan, epo yóò sì lọ sí i. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì bi wá pé ṣé a rò pé òun lè rí ẹni tí yóò ra ti ọwọ́ òun ní owó tí ó dára.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìséyìn láti wo ọ̀kan tí a ti lò rí. Ìyàwó rẹ̀ bá a lọ. Ó ní ní ìdí òkè ni kí ó ti gbéra, pẹ̀lú òun ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí òun tó tú owó.