Ẹ Má Sá Padà: Irọ́ Tí A Ń Pa fún Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Àjùsáwọ̀n

Ó ti di òfin ní ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀tù: bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, kí àwọn yòókù kẹ́yìn sí àwọ̀n ọ̀tá, kí wọ́n sá lọ ṣọ́ tiwọn. Kóòṣì á dúró létí kọ́ọ̀tù, á máa lọgun, "Ẹ padà! Ẹ padà!" Bóyá bọ́ọ̀lù wọlé o, bóyá ó ta lára òrùka o, kò kàn wọ́n mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dúró wá ríbáùndì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí kò wọlé tó ta padà, lábẹ́ àwọ̀n ọ̀tá ti fi ilé sílẹ̀ láìtilẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá á gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n á fò fẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ti jẹ wá kí a tó ṣẹ́jú. Ìgbàgbọ́ yìí ni mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí láti bì ṣubú. Ó ń ba eré jẹ́, ó sì ń sọ àwọn ọmọ wa di ojo.

Kì í ṣe àwọn òpè ló dá a sílẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Kóòṣì Gregg Popovich fi ṣiṣẹ́ ní San Antonio, kóòṣì Doc Rivers fi ṣiṣẹ́ ní Boston, ọ̀gá sì ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí San Antonio gba ife NBA, líìgì ńlá Amẹ́ríkà, lọ́dún 2014, ayé rí i, ayé sì kọ́ ọ. Láwọn ọdún 1980, àwọn ẹgbẹ́ NBA máa ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta bọ́ọ̀lù tiwọn tí kò bá wọlé padà. Nígbà tí ọdún 2020 fi máa dé, kò tó ìdá mẹ́rin mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé sísá padà ló gba ife fún San Antonio? Àwọn ìràwọ̀ wọn ńkọ́, Tim Duncan ńkọ́? Kawhi Leonard ńkọ́? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta bọ́ọ̀lù síra wọn títí orí ọ̀tá fi ń yí ńkọ́? Èyí tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ wọn la mú, a fi èyí tó ṣòro sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni irọ́ náà fara pamọ́ sí. Láàárín àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ kan bá gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, ó tó póíǹtì kan bí a bá pín in dọ́gba. Ká ní bọ́ọ̀lù wa 40 ni kò wọlé nínú eré kan. Ká ní bí gbogbo wa bá sá padà, mẹ́jọ péré la máa rí gbà, àmọ́ bí a bá lọ jà á, a máa gba 12. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la tún jù nìyẹn, abẹ́ àwọ̀n la sì ti ń jù ú, níbi tó rọrùn jù lọ. Ó tó póíǹtì mẹ́rin, kódà ó lé. Kí wá ni a pàdánù? Ká ní torí pé a lọ, àwọn ọ̀tá rí ìkọlù òjijì mẹ́wàá ṣe tí wọn kì bá tí rí. Àwọn tó ń ka gbogbo póíǹtì tó bá ti inú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jáde sọ́rùn ẹni tó lọ wá ríbáùndì ló ń ṣì wá lọ́nà. Ṣé bí a bá sá padà, àwọn ọ̀tá ò ní gbé bọ́ọ̀lù yẹn wá ni? Wọ́n á gbé e wá, wọ́n á sì jù ú. Ohun tí ìkọlù òjijì fi ju ìkọlù àfarabalẹ̀ lọ nìkan ló yẹ kí a kà sí gbèsè. Bí ìkọlù àfarabalẹ̀ 100 bá mú póíǹtì 100 wá, tí ti òjijì 100 sì mú 120 wá, gbèsè wa lórí mẹ́wàá ò ju póíǹtì méjì lọ. Mẹ́rin wọlé, méjì jáde. Ẹni tó bá ní iye tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ ò tẹ́ òun lọ́rùn, kó fi ti ẹgbẹ́ tirẹ̀ sí i, kó tún un ṣe.

Bí ìṣirò ò bá wọ̀ yín létí, ẹ wo eré keje ìparí NBA, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2010, Los Angeles Lakers àti Boston Celtics. Ọwọ́ àwọn Lakers ò dùn rárá lọ́jọ́ náà. Kobe Bryant ju bọ́ọ̀lù 24, mẹ́fà ló wọlé. Gbogbo ẹgbẹ́ náà lápapọ̀ ju 83, 27 péré ló wọlé. Boston ju 71, 29 wọlé. Ẹni tó bá wo kìkì bí bọ́ọ̀lù ṣe ń wọlé á búra pé Boston ló gba ife. Àwọn Lakers ló gbà á, 83 sí 79. Bọ́ọ̀lù 23 ni wọ́n gbà padà lára èyí tí àwọn fúnra wọn jù tí kò wọlé. Mẹ́jọ ni ti Boston. Pau Gasol nìkan mú mẹ́sàn-án, ó ju ti gbogbo ẹgbẹ́ Boston lọ. Òótọ́ ni pé Kendrick Perkins, òpómúléró Boston lábẹ́ àwọ̀n, ti farapa nínú eré kẹfà, a ò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Síbẹ̀, àìsí Perkins kọ́ ló ju bọ́ọ̀lù 12 lé ti Boston. Ìjà abẹ́ àwọ̀n ló jù ú.

Wàyí o, ohun tó ká mi lára jù: wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ pé ríbáùndì iwájú, ìyẹn èyí tí a gbà lábẹ́ àwọ̀n ọ̀tá, àti ààbò jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí ènìyàn kàn ya wọ abẹ́ àwọ̀n pẹ̀lú ìrètí àti kí ó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ètò. Aaron Fearne, kóòṣì tó darí Cairns Taipans ní Ọsirélíà fún ọdún pípẹ́, fi ètò náà hàn kedere. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wà lófuurufú, kálukú á wá ẹni tó ń ṣọ́ ọ rí. Kò ní gba ọ̀nà abẹ́ òrùka yọ sí i. Ẹ̀gbẹ́ òkè, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àárín kọ́ọ̀tù, ni yóò gbà. Á fi àyà kan án, á tì í sí abẹ́ àwọ̀n, á sì máa jà. Ẹ wo ibi tí gbogbo wọn dúró sí nísinsìnyí. Bí bọ́ọ̀lù bá ta jìnnà, bí èyí tí a jù láti òkèèrè ṣe sábà ń ta, ọwọ́ wa ló máa bọ́ sí, nítorí àwọn ọ̀tá ti há sábẹ́. Bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ wọn ńkọ́? Kálukú wa ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tirẹ̀, ó sì ti wà láàárín onítọ̀hún àti àwọ̀n wa. Ẹni tí a tì mọ́ abẹ́ pátákó ò lè fò fẹ̀rẹ̀ lọ síbì kankan. Ẹni tó sún mọ́ ẹni tó mú bọ́ọ̀lù jù lọ á gbé ọwọ́ sókè sí i lójú ẹsẹ̀, kó má baà rí ọ̀nà ta á síwájú. Ààbò ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn tó ń sá padà tó dé ìdajì kọ́ọ̀tù.

Àwọn Houston Rockets ní sáà 2024-25, lábẹ́ Ime Udoka tí òun fúnra rẹ̀ ti wọ aṣọ Nàìjíríà rí, ló ṣíwájú gbogbo NBA nínú ríbáùndì iwájú. Ààbò wọn wà lára èyí tó le jù lọ ní sáà náà, wọ́n sì borí nínú eré 52. Bí ìwá ríbáùndì bá ń fọ́ ààbò, báwo ni ẹgbẹ́ kan náà ṣe rí méjèèjì ṣe?

Ẹ̀tàn kejì ni pé kìkì ọmọ tó ga bí ọ̀pẹ ló yẹ kí a rán lọ. Dennis Rodman ò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 7 lọ, òun ló sì mú ríbáùndì jù ní NBA fún sáà méje léraléra, láti 1991-92 dé 1997-98. Ó máa ń ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun ju bọ́ọ̀lù láti ibi gbogbo lóru, kí òun máa wo bó ṣe ń ta. Ọmọ Èkó wa, Hakeem Olajuwon, rí èyí lójú ara rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1983, ní ìparí ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Dereck Whittenburg ti North Carolina State ju bọ́ọ̀lù tí kò tilẹ̀ kan òrùka. Lorenzo Charles, tí Hakeem ga jù, dúró lábẹ́ àwọ̀n, ó gbà á lófuurufú, ó gbá a wọlé, ẹgbẹ́ Hakeem sì pàdánù, 54 sí 52. Bí Charles bá ti sá padà gẹ́gẹ́ bí òfin, ta ni ì bá wà níbẹ̀?

N ò sọ pé kí gbogbo ènìyàn lọ nígbà gbogbo. Bí ẹni tó ju bọ́ọ̀lù bá ti ṣubú sílẹ̀, tàbí tí ẹni tó ń ṣọ́ wa ti sá lọ síwájú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ padà, ó sì sàn kí ó jẹ́ ẹni tó wà lókè jù. Ẹnì kan ni mo wí. Kí gbogbo ẹgbẹ́ máa sá nítorí ìkọlù tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó dà bí ìyá ọlọ́jà tó palẹ̀ igbá mọ́ ní ọ̀sán gangan nítorí pé òjò ṣú.

Ẹ̀yin kóòṣì wa, láti ilé ẹ̀kọ́ girama títí dé ẹgbẹ́ àwọn àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun ariwo "ẹ padà" yẹn. Ní ìdánrawò yín tó kàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù, kí kálukú wá ẹni tirẹ̀, kó gba ẹ̀gbẹ́ òkè, kó tì í wọlé, kó sì jà fún ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òógùn wá. Ẹ ka iye tí ẹ gbà padà, ẹ ka iye ìkọlù òjijì tí wọ́n fi jẹ yín, kí ẹ sì fi iye yẹn dá ẹjọ́ náà fúnra yín.