Ohun Tí A Kò Mọ̀ Nínú Ìkòkò

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 4:38-41

Lóṣù yìí, ilé ìdáná ni mo fẹ́ kí a jọ wọ̀. Bàbá lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá nìkan ni èyí. Ẹ dúró ná, bàbá. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ọkùnrin ló dá a, èmi pásítọ̀ yín sì ni ọkùnrin náà.

Ní ọjọ́ ìkórè ọdún kan ní ìjọ wa níbí ní Iyere, arábìnrin kan gbé oúnjẹ wá nínú fùláàsì fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àwọn ìyá ìjọ ti se ìrẹsì àti ẹran sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ, ṣùgbọ́n arábìnrin yìí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ti kọ́kọ́ wá bá mi, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní kí ọmọ yìí má jẹ ohunkóhun tí àlìkámà bá wà nínú rẹ̀." Mo dá a lóhùn pé ìrẹsì la sè, a kò se búrẹ́dì. Nígbà tí mo tún rí fùláàsì náà, inú bí mi. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ní àwọn kan ń fi fùláàsì gbé àìgbàgbọ́ wá sí ilé Ọlọ́run. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ìyá ọmọ, ó sì bu ìrẹsì fún un.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, inú ti ń lọ́ ọmọ náà. Ó bì, ó ṣu gbuuru, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò lè dìde ṣeré. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ìyá rẹ̀ kò bá mi jà. Ó kàn mú ọ̀rá amọ́bẹ̀dùn kan tí ó ṣà nídìí ààrò ìjọ fún mi, ó ní, "Dádì, ẹ bá mi kà á." Mo fi awò sójú. Lẹ́yìn iyọ̀ àti ata, mo rí ọ̀rọ̀ náà gbàgàdà: wheat flour. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni! Ẹnu mi wọhò.

Ẹ padà sí Bíbélì kíkà wa. Ìyàn mú ní Gílígálì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì lọ sí oko, ó ká èso àjàrà ìgbẹ́, ó rẹ́ ẹ sínú ìkòkò ọbẹ̀, nítorí wọn kò mọ̀ ọ́n. Kò ní èrò ibi lọ́kàn. Àìmọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa lọ́jọ́ ìkórè náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nígbà tí àwọn tó ń jẹun kígbe pé ikú wà nínú ìkòkò, Èlíṣà kò bá wọn wí. Kò pè wọ́n ní aláìgbàgbọ́. Ó wá ojútùú sí i. Èmi ni mo bá ẹni tó kígbe wí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé, "Dádì, ṣebí ìyẹ̀fun ni Èlíṣà dà sí i?" Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ìyanu sì ni. Ẹni tí Ọlọ́run kò bá rán níṣẹ́ ìyanu, kí ó rọra máa ka ara ọ̀rá amọ́bẹ̀dùn.

Kí ni ń jẹ́ gluten?

Gluten ni èròjà tó máa ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì fà bí rọ́bà nígbà tí a bá pò ó. Inú àlìkámà, ọkà báálì àti rye ló wà. Kì í pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Olúwa wa fi ìṣù ọkà báálì márùn-ún bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin, èmi náà sì ń jẹ búrẹ́dì mi. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ní àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní celiac. Bí gluten bá dé inú wọn, àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi sínú ara láti bá àrùn jà yóò kọjú ìjà sí ìfun fúnra rẹ̀. Ojú ìfun yóò bàjẹ́, oúnjẹ kò ní ṣe ara láǹfààní mọ́. Ọmọ yóò máa rù, ikùn rẹ̀ yóò wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní tó, kò sì ní dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wo iye ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a ti pè ní àbíkú! Ẹ wo iye ìyá àgbà tí a ti pè ní àjẹ́ nítorí wọn!

Dókítà ará Họ́láńdì kan, Willem Dicke, ló là wá lójú. Nígbà ìyàn tó mú ní ilẹ̀ wọn ní 1944 sí 1945, búrẹ́dì wọ́n gógó, àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí sì ń sàn. Nígbà tí búrẹ́dì tún pọ̀, àìsàn padà. Ó kọ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1950. Kì í sì í ṣe àrùn òyìnbó nìkan. Ní 1999, àwọn olùwádìí kéde pé nínú 100 ọmọ àwọn ará Sàháráwì, ní aṣálẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ó lé ní 5 tó ní in.

Ìkìlọ̀ kan rèé o. Bí ẹ bá fura sí ọmọ yín, ẹ má ṣe tètè dá oúnjẹ àlìkámà dúró. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí bí ó bá ti pẹ́ tí kò jẹ àlìkámà, àyẹ̀wò lè má fi àrùn náà hàn mọ́. Àdúrà kò ní kí a má lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lúùkù tó kọ Ìhìn Rere, oníṣègùn ni.

Ibi tí àlìkámà ń sá pamọ́ sí

Gbogbo wa mọ̀ pé àlìkámà wà nínú búrẹ́dì, sẹ̀mó, ṣínṣín, pọfupọ́ọ̀fù, índómì àti sùpàgẹ́tì. Iṣu, gàrí, ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà kò ní in. Ṣùgbọ́n a máa ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà kún amọ́bẹ̀dùn mìíràn kí ó lè ki. Sọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe, àlìkámà sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa ka ara ọ̀rá. Bí ẹ bá rí wheat, barley, rye tàbí malt, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Èyí tí wọ́n bá dì sínú ọ̀rá lásán láìkọ nǹkan kan sí i lára, ẹ má rà á fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí a ṣe òtítọ́. Àwọn kan ń bú Ajinomoto láìyọ́ ẹnu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ikeda ní Japan ló ṣàwárí adùn rẹ̀ láti inú ewéko òkun ní 1908. Láyé àtijọ́, inú gluten àlìkámà gan-an ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Lónìí, ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sábà máa ń mú kàn láti fi ṣe é, nítorí náà kò ní gluten. Irú adùn yẹn kan náà ni ó wà nínú irú tí àwọn ìyá wa ń ṣe láti inú igbá, láìlo ẹ̀rọ kankan. Bí irú ṣe ń kan nínú igbá tí a bò ní ewé, bẹ́ẹ̀ ni adùn náà ń jáde. Àwa la wá sọ irú di ohun ìtìjú nítorí òórùn rẹ̀!

Bí a ṣe lè ṣe tiwa nílé

Arábìnrin yẹn ló kọ́ wa. Ohun tí ẹ óò wá nìyí, kí gbogbo rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó lọ̀ ọ́:

Irú wooro, ṣíbí ìjẹun 6
Edé gbígbẹ, ṣíbí ìjẹun 4
Àlùbọ́sà gbígbẹ, ṣíbí ìjẹun 3
Ata gbígbẹ, ṣíbí ìjẹun 2
Ata ilẹ̀, ṣíbí ìjẹun 2
Aáyù, ṣíbí ìjẹun 1
Ìyèré, ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, 1

Ẹ ṣa òkúta kúrò nínú irú, ẹ ṣàn án, ẹ sá a sínú oòrùn, kí ẹ fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin. Ẹ gé àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti aáyù ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, kí ẹ sá àwọn náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tó. Nígbà òjò, ẹ yan án nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná tí kò le, títí yóò fi máa dún kara-kara. Ẹ gún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ wá pò ó pọ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ dé e pinpin. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é, kí ó má baà bu. Ṣíbí ìjẹun kan tàbí méjì tó fún ìkòkò ọbẹ̀ ènìyàn mẹ́fà.

Ẹ kíyè sí i pé n kò ka iyọ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lọ́tọ̀, níwọ̀nba, nítorí àwọn bàbá wa tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí edé kì í bá lára mu, kí ó yọ edé kúrò.

Níbi lílọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ẹ má gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀rọ yẹn kan náà ni wọ́n fi ń lọ àlìkámà fún àwọn tó ń fi ro òkèlè. Ìyẹ̀fun díẹ̀ tó ṣẹ́kù sẹ́nu ẹ̀rọ tó láti dá ọmọ dùbúlẹ̀. Ọlọ tàbí odó ilé ni kí ẹ lò, èyí tí a kò lọ àlìkámà lórí rẹ̀ rí. Kí asẹ́ náà yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi ń jọ ìyẹ̀fun ṣínṣín.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí oúnjẹ òun bá máa mú arákùnrin òun kọsẹ̀, òun kò ní jẹ ẹ́ láéláé. Bí àpọ́sítélì bá lè fi ẹran sílẹ̀ nítorí ìfẹ́, ṣé ọ̀rá amọ́bẹ̀dùn kan ni yóò le fún wa láti fi sílẹ̀?

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé àìsàn ọmọ náà, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan náà, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Láti ìgbà náà, a ń ya àwo kan sọ́tọ̀ níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, èyí tí a fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ṣe, kí ọmọ náà lè bá wa jẹ ní ọjọ́ tí yóò tó gbà á. Nígbà tí ìkórè mìíràn sì dé, àwọn ìyá ìjọ fúnra wọn ló gún amọ́bẹ̀dùn. Ìkòkò ìrẹsì kan náà ni gbogbo wa ti jẹ. Mo wo ẹ̀yìn ìjọ, mo rí ọmọ náà tó ń lá àwo rẹ̀. N kò rí fùláàsì kankan.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì mí níbi tí mo ti fi àìmọ̀ mi dá ọmọnìkejì mi lẹ́jọ́. Fún mi ní etí láti gbọ́ igbe àwọn tó wà nídìí ìkòkò mi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.